Ìjàpá Lọ Wòran ní Pyongyang

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, àti àwọn ẹranko mẹ́rin tó fi owó ara wọn ra okùn tí wọ́n fi fà wọ́n kiri.

Ní ayé ìgbà tí àwọn ẹranko ń gba físà, kò sí ẹni tí wọ́n ń kà sí ní ìlú wọn bí kò ṣe ẹni tó ti dé òkè òkun. Tòlótòló ti lọ sí Dubai, ó ya fọ́tò lábẹ́ ilé gíga ibẹ̀ títí àyè fi tán lórí fóònù rẹ̀. Ẹtu ti dé Jerúsálẹ́mù, ó ti di JP, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ òun láìfi í kún un. Àgbò lọ sí Mẹ́kà lásìkò Iléyá, ó sì padà wálé láàyè; ìyẹn nìkan ti tó ìròyìn. Ìjàpá ni kò rí nǹkan kan wí. Bó bá ti la ẹnu níbi ìnáwó, wọ́n á ní, "Ìwọ tó ò dé Kútọnu rí?" Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún wọ eegun.

Ó jókòó, ó rò ó. Dubai ò lè ṣe é, ẹlẹ́nu púpọ̀ ti débẹ̀. Ibi tó yẹ òun ni ibi tí kò sẹ́ni tó lè bá òun jiyàn lé lórí. Ló bá pàtẹ́wọ́, ó ní, "Kòríà Àríwá!"

Yánníbo ní, "Baálé mi, ìlú tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jáde, tí kò sì fẹ́ kí àlejò dá rìn, kí lẹ fẹ́ lọ jẹ níbẹ̀?"

Ìjàpá ní kí ló kan obìnrin níbẹ̀. Owó àjọ tí gbogbo àdúgbò kó sí i lọ́wọ́ ló fi san owó ọkọ̀.

Àwọn mẹ́rin bá a lọ. Àgùntàn tẹ̀ lé e nítorí pé ó rí i tí ẹnì kan ń lọ. Ajá tẹ̀ lé e nítorí pé ọdún Ògún ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n bá òun nílé. Ọ̀bọ gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ọ̀nì ní tirẹ̀ sọ pé ẹbí òun pọ̀ káàkiri àgbáyé, bóyá òun á pàdé ọ̀kan lọ́hùn-ún.

Ọdún 2019 ni. Nínú kàlẹ́ńdà àwọn ará ibẹ̀ nígbà náà, ọdún 108 ni, torí pé ọdún 1912 tí wọ́n bí Kim Il Sung, aṣíwájú wọn àkọ́kọ́, ni wọ́n fi ṣe ọdún kìíní. Ìjàpá, tó ti lé ní igba ọdún, ṣírò ara rẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti bí òun kí ayé tó bẹ̀rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ní Beijing, wọ́n gba Dandong, wọ́n sọdá odò Yalu tó pààlà láàrin Ṣáínà àti Kòríà Àríwá. Ní Sinuiju, ṣọ́jà wọlé. Wọ́n tú àpò, wọ́n wo fóònù ní fọ́tò kọ̀ọ̀kan, wọ́n bi wọ́n léèrè ìwé tí wọ́n gbé dání. Nígbà tó kan Ìjàpá, wọ́n ní kó sọ ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ilé òun ni. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù: ilé kan, àlòkù.

Ní Pyongyang, àwọn amọ̀nà méjì ń dúró dè wọ́n: Àǹtí Ayékòótọ́ tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin, àti Ọ̀gbẹ́ni Lékèélékèé tó wọ funfun báláú, tí kì í sọ̀rọ̀. Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ méjì. Ọ̀kan ń ṣọ́ àlejò, èkejì ń ṣọ́ ọ̀kan. Ta ló wá ń ṣọ́ èkejì? Awakọ̀ ni.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ìrìn," ni Ayékòótọ́ wí. "Ẹ kó ìwé ìrìnnà yín wá, kí a bá yín tọ́jú ẹ̀ kó má baà sọnù."

Àgùntàn ní, "Ẹ wo bí wọ́n ṣe láàánú tó!"

Ayékòótọ́ wá ka òfin. Ẹ má ya ṣọ́jà ní fọ́tò. Ẹ má ya ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán. Ẹ má fi ẹsẹ̀ kan kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì láìsí àwa. Owó ìlú wa ò gbọdọ̀ kàn yín lọ́wọ́. Yúrò, dọ́là tàbí owó Ṣáínà ni kí ẹ ná. Bí ẹ bá máa ya ère àwọn Bàbá wa, ẹ yà á látòkè délẹ̀. Ó ní kí wọ́n má baà gbàgbé, òun á fi ṣe orin fún wọn, kí wọ́n máa gbè é:

*Àlejò tó wá wòran,*
— Tò tẹ̀ lé mi, tò.
*Má ṣe bojú wo ọ̀tún,*
— Tò tẹ̀ lé mi, tò.
*Má ṣe bojú wo òsì,*
— Tò tẹ̀ lé mi, tò.
*Ibi mo nawọ́ mi sí,*
— Tò tẹ̀ lé mi, tò.
*Ibẹ̀ ni gbogbo ìlú wà,*
— Tò tẹ̀ lé mi, tò.

Orí òkè Mansudae ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ, wọn ò tíì bọ́jú. Ère idẹ méjì ló wà níbẹ̀, ti Kim Il Sung àti ti ọmọ rẹ̀ Kim Jong Il, ìkọ̀ọ̀kan ga ju mítà 20 lọ. Ti bàbá ti wà níbẹ̀ láti 1972. Ti ọmọ dé ní 2012, lẹ́yìn ikú òun náà. Àlejò á ra òdòdó, á gbé e síwájú ère, á tò, á tẹríba. Àgùntàn ti jẹ ewé méjì nínú tiẹ̀ kí wọ́n tó sọ fún un pé ère ló ni ín. Ọ̀bọ ní òun ti rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn yìí ní Dakar, níbi tí àwọn ará Kòríà Àríwá ti gbé ère Ìsọjí Áfíríkà ró, èyí tí wọ́n ṣí ní 2010, tó ga ní mítà 49. Inú Ayékòótọ́ dùn sí i díẹ̀, kò sì dùn díẹ̀, torí pé ti Dakar ga ju ti Bàbá lọ.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí ìdọ̀bálẹ̀, ẹ má jẹ́ ká purọ́. A ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba, fún àna, fún ẹni tó fẹ́ yá wa lówó. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà láàyè là ń dọ̀bálẹ̀ fún, torí pé òun ló lè ní ká dìde. Kim Il Sung kú ní 1994. Òfin ìlú náà ní 1998 sọ ọ́ di Ààrẹ Ayérayé. Òkú ń ṣe ààrẹ, alààyè ń ṣèjọba, ìdí rèé tí ẹni tó bá tẹríba níbẹ̀ kì í fi mọ ìgbà tó tó.

Ìjàpá ṣẹ́jú sí Ajá. Ó ní, "Máa wò mí. Wọn ò tíì bí ẹni tó máa mú èmi forí balẹ̀ fún idẹ." Bí Ayékòótọ́ ti ní "Ó yá!", àwọn yòókù tẹríba. Ìjàpá ní tiẹ̀ fa orí wọnú igbá pátápátá, ó ń rẹ́rìn-ín kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ nínú lọ́hùn-ún. Ayékòótọ́ wo ibi tó yẹ kí orí wà, kò rí i. Ó pe Lékèélékèé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, omi ti lé ròrò lójú Ayékòótọ́.

Ó ní, "Látìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò rí àlejò tó tẹríba títí orí fi wọra rí."

Oníkámẹ́rà kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti yọ dé, ó ya Ìjàpá, ó tún un yà.

Láti ibẹ̀, wọ́n kọjá lára hòtẹ́ẹ̀lì Ryugyong, ilé ṣóńṣó alájà 105 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1987, tí àlejò kankan ò tíì sùn nínú rẹ̀. Ọ̀bọ béèrè ìdí rẹ̀. Ayékòótọ́ ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe mọ́ tónítóní? Ilé tí èèyàn ò bá gbé kì í dọ̀tí." Ọ̀bọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni Ìjàpá wá di ọ̀gá gbogbo wọn. Ibẹ̀ jìn tó mítà 100 sínú ilẹ̀. Àtẹ̀gùn tó ń dá rìn ló ń gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ títí etí á fi dí. Nísàlẹ̀, òkúta dídán ni, fìtílà ńláńlá tó ṣù bí èso àjàrà ló ń tàn lókè, àwòrán Bàbá wà lára ògiri. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibùdókọ̀ méjì péré, Puhung àti Yonggwang, ni wọ́n ń fi han àlejò, àwọn àlejò sì ń padà lọ sọ nílé pé méjì náà ló wà, pé òṣèré tí wọ́n sanwó fún ni gbogbo àwọn tó ń wọkọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ibùdókọ̀ ibẹ̀ lé ní 15, àwọn tó ń wọ̀ ọ́ sì ń lọ síbi iṣẹ́ wọn ni.

Ìjàpá ti gbọ́ ti òṣèré yẹn kó tó kúrò nílé. Ó na ọwọ́: "Ẹ wo ẹni yẹn, òṣèré ni. Ẹ wo onífìlà yẹn, ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ rèé. Ẹ wo àwọn ọmọ ilé ìwé yẹn, ẹ ò rí i pé wọ́n ti kọ́ ẹ̀rín yẹn ni?"

Àgbà obìnrin kan dúró létí ọ̀pó. Ó pọn ọmọ. Aṣọ gbọ̀ọ̀rọ̀ ló fi gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, ó wé e yí ara, ó sì so ó síwájú, bí ìyá ẹni ṣe ń fi ọ̀já pọnni gẹ́lẹ́. Orí ọmọ náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, itọ́ rẹ̀ ń kán sí èjìká ìyá àgbà.

Ìjàpá ní, "Bèbí ni. Bèbí oníke ni wọ́n gbé pọ̀n."

Ọmọ náà jí, ó sunkún, ó pọ̀ díẹ̀ sí aṣọ. Ìjàpá mi orí. "Iṣẹ́ yìí gba owó o!"

Ajá kò fèsì. Ó ti rí i pé ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ kan, pupa, kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó fẹnu he é, ó gbé e fún ìyá àgbà. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ó wo Ajá lójú, ó sọ̀rọ̀ kan tí Ajá ò gbọ́, ó bọ ọmọ ní ìbọ̀sẹ̀, ó wọ ọkọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìgbà tí èèyàn á fi sín lọ. Àgùntàn ò rí i, àwòrán ara ògiri ló ń wò. Ìjàpá ò rí i, ó ń wá ibi tí wọ́n gbé kámẹ́rà pamọ́ sí.

Mo ti bá Àgùntàn rìn rí, mo sì ti bá Ìjàpá rìn. Èyí tó gba gbogbo nǹkan gbọ́ àti èyí tí kò gba nǹkan kan gbọ́, ilé kan náà ni wọ́n jọ ń sùn, owó kan náà ni wọ́n sì ń san. Bí wọ́n bá sọ fún Àgùntàn pé inú ìyá àgbà náà dùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, á gbà. Ìjàpá á ní kò sí ìyá àgbà kankan níbẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí èyí tó máa bi ìyá àgbà bóyá ó ti jẹun.

Lálẹ́, wọ́n gbé ìwé oúnjẹ wá. Ohun kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ní owó rẹ̀ lọ́tọ̀: ọbẹ̀ ẹran dídùn. Ajá béèrè pé ẹran wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ayékòótọ́ wò ó, ó wo Lékèélékèé, Lékèélékèé wo àjà ilé. Ajá tó sá fún ọdún Ògún rọra dìde, ó ní inú ń run òun, ó sì di ọjọ́ tí wọ́n máa lọ kó tó tún bá wọn jókòó sídìí tábìlì.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó wọn lọ sí òkè Myohyang ní àríwá, níbi tí ilé ẹ̀bùn wà láti 1978. Gbogbo ohun tí ọba, ààrẹ àti ọlọ́rọ̀ ayé bá fi ta ìdílé Kim lọ́rẹ, inú òkè yẹn ni wọ́n kó o sí. Mọ́tò tí Stalin fi ránṣẹ́ wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí Michael Jordan fọwọ́ sí, tí Madeleine Albright gbé wá láti Amẹ́ríkà ní 2000, wà níbẹ̀. Wọ́n fi aṣọ bo bàtà àlejò kó má baà tẹ ilẹ̀ yẹn lásán. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni gbogbo wọn, ó pẹ́ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ tán. Ayékòótọ́ ní ẹ̀bùn tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000, pé ìyẹn ló fi hàn bí ayé ṣe fẹ́ràn Bàbá tó.

Ìgbà tí wọ́n yà sí ẹ̀ka Nicaragua ni Ọ̀nì dúró gbagidi.

Ọ̀nì kan wà níbẹ̀. Wọ́n ti kó ìfun rẹ̀ dànù, wọ́n ki nǹkan sí i nínú, wọ́n gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì bí èèyàn, wọ́n fún un ní àwo onípákó gbé dání, wọ́n to ife sórí àwo náà. Ó la ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. (Èyí kì í ṣe àlọ́ o. Ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ àwọn Sandinista ni, ẹni tó bá débẹ̀ á bá a lórí ìdúró.)

Ọ̀nì tiwa sún mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Kò dáhùn. Ó ní, "Ọmọ ta ni yín? Ṣé ẹ ti pẹ́ níbí?" Kò dáhùn. Àgùntàn sọ pé ẹ wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Ìjàpá ní, "Pákó ni. Kò sí ọ̀nì kankan níbẹ̀." Ọ̀nì yíjú sí Ìjàpá, ó wò ó pẹ́, ó ṣí ẹnu díẹ̀, ó sì tún un pa dé. Láti ìgbà yẹn títí wọ́n fi délé, kò bá Ìjàpá sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n padà sí hòtẹ́ẹ̀lì Yanggakdo, alájà 47 tó wà lórí erékùṣù láàrin odò Taedong, ìwé ìròyìn ti dé yàrá. Fọ́tò Ìjàpá wà nínú rẹ̀, nísàlẹ̀ fọ́tò Kim Jong Un, aṣíwájú tó wà lórí oyè: igbá kan lórí òkúta, kò lórí, kò lọ́rùn. Ayékòótọ́ ka àkọlé rẹ̀ fún wọn: àlejò kan láti Áfíríkà bánú jẹ́ nítorí Bàbá débi pé kò lè gbé orí mọ́. Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín títí kámẹ́rà fi bọ́ lọ́rùn rẹ̀.

Ìjàpá ní kò burú, òun á rí i fi wé kúlíkúlí òun. Ó ti ń ṣẹ́ ẹ po nígbà tí Lékèélékèé fò dìde, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ojú aṣíwájú wà nínú ìwé yẹn. Ẹnikẹ́ni kì í ṣẹ́ ẹ, kì í fi wé nǹkan, kì í sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Àwa tí a ti ń fi ìwé ìròyìn wé àkàrà láti kékeré, tí òróró ti bo ojú gómìnà mélòó kan mọ́lẹ̀, ìlú yẹn á ni wá lára o.

Òru yẹn gan-an ni Ìjàpá ní òun á já àṣírí wọn. Bọ́tìnì lífítì hòtẹ́ẹ̀lì náà ka 3, ó ka 4, ó fò sórí 6. Kí ló wà ní àjà 5? Ó gba àtẹ̀gùn lọ, ó ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́:

*Èmi Ìjàpá ò tẹ̀ lé e,*
— Tò tẹ̀ lé mi, tò.
*Ojú mi ti là kọjá tiwọn,*
— Tò tẹ̀ lé mi, tò.

Ta ló ń gbè é? Lékèélékèé ni. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, kò bọ́ aṣọ, kò bọ́ bàtà.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí. Nínú gbogbo àlọ́ tí ẹ ti gbọ́, bí Ìjàpá bá jalè tán, igbá rẹ̀ á fọ́, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní 2016, wọ́n mú ọmọ ilé ìwé kan láti Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 21, ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ní ó fẹ́ jí ìwé àkọlé kan tó wà lára ògiri hòtẹ́ẹ̀lì yìí. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n iṣẹ́ àṣekára ọdún 15 fún un. Ní oṣù kẹfà 2017, wọ́n gbé e padà fún àwọn òbí rẹ̀, kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó kú. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni Amẹ́ríkà ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi ìwé ìrìnnà wọn lọ síbẹ̀ mọ́. Lékèélékèé mọ ìtàn náà ju èmi lọ.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ sùn." Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ìjàpá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. "Bí ẹ bá ṣìnà, ẹ̀yin á lọ sílé yín lọ́jọ́rú. Èmi ni mo kù. Mo bímọ." Omi lé ròrò lójú rẹ̀.

Ìjàpá wò ó látòkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pàtẹ́wọ́ fún un. "O mọ̀ ọ́n ṣe o! Ti ẹkún yẹn ló tún dáa jù."

Ó padà lọ sùn, inú rẹ̀ dùn pé òun ti rí ohun tí àlejò kankan ò rí rí.

Wọ́n délé. Wọ́n tú fọ́tò jáde: ti Ọ̀bọ, ti Àgùntàn, ti Ìjàpá, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, bí ẹni pé ẹ̀rọ kan ló yà wọ́n. Ajá ò ya ẹyọ kan. Nígbà tí Kòríà Àríwá ti ẹnubodè pa ní oṣù kìíní 2020 nítorí Kòrónà, Ìjàpá ní torí òun ni wọ́n ṣe tì í. Nígbà tí wọ́n ṣí i díẹ̀ fún àwọn ará Rọ́ṣíà ní 2024, ó ní wọ́n ti ń wá ẹni tó máa rọ́pò òun. Ó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn, ó sì ní kí wọ́n má béèrè ìbéèrè.

Ìtàn náà dé etí Ọba Kìnnìún. Kò béèrè nípa ìyá àgbà, kò béèrè nípa àjà 5. Ó ní, "Ère yẹn, báwo lẹ ṣe ní ó ga tó?"

Kò pé oṣù mẹ́fà tí ère Kìnnìún fi dúró láàrin ọjà. Ta ni wọ́n máa fi ṣe amọ̀nà bí kò ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n? Wọ́n yan Ìjàpá, wọ́n yan Ọ̀kẹ́rẹ́ tì í kó máa ṣọ́ ọ, wọ́n gba awakọ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ̀wọ́ àlejò àkọ́kọ́ dé láti òdìkejì odò, ó ṣẹlẹ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Yánníbo kẹ́rù lọ sílé bàbá rẹ̀, nítorí àwọn alájọ ò yé kan ilẹ̀kùn. Ìjàpá kó àlejò dé iwájú ère, ó ní kí wọ́n tò, ó na ọwọ́ sókè, ohùn rẹ̀ bá fọ́, omijé sì ń já lójú rẹ̀ wòròwòrò. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ewúrẹ́ kan láàrin àwọn àlejò fi ẹsẹ̀ ta èkejì rẹ̀. Ó rìn lọ bá Ìjàpá, ó fi pátákò kan igbá ẹ̀yìn rẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́, ó fetí sí i, ó sì padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Pákó ni. Ṣùgbọ́n ẹkún yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, wọ́n kọ́ ọ dáadáa."